Stationery Stores: Ẹgbẹ́ Ẹnìkan, Ẹgbẹ́ Gbogbo Èkó

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù àti Madrid ni ó wà lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Èkó pé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ràn nígbà èwe wọn. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ Stationery Stores. Adebajo Babes ni àwọn olólùfẹ́ wọn máa ń pè wọ́n, àfi bí ẹni pé ọmọ bíbí inú ọkùnrin kan ni gbogbo wọn. Inú orúkọ ìnagijẹ yìí ni ògo ẹgbẹ́ náà wà. Ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ lúgọ sí.

Israel Adebajo ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1958. Oníṣòwò ni, ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń tà, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì fi sọ ẹgbẹ́. Nígbà náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, bí irú ti rélùwéè, ni ó lókìkí nínú bọ́ọ̀lù Èkó. Owó àpò ara rẹ̀ ni Adebajo fi wọ inú wọn. Ní 1967, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup. Ní 1968, wọ́n tún gbà á. Ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Òlíńpíìkì, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, tí a sì ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Brazil. Peter Fregene, aṣọ́lé Stores, wà lára àwọn tí ó lọ.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1969, Adebajo papò dà.

Ẹgbẹ́ náà kò kú lọ́jọ́ tí ó kú. Haruna Ilerika wà níbẹ̀, ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù dárà títí orí alátakò yóò fi dàrú. Ní 1981, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn, kí Union Douala ti Cameroon tó borí wọn. Wọ́n tún gba Challenge Cup ní 1982 àti 1990. Ibẹ̀ ni Peter Rufai ti dìde, kí ó tó lọ ṣọ́lé fún Dragons ní Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí wa ní Àgbádárìgì, kí ó sì tó dé Yúróòpù. Ní 1992, Stores gba líìgì Nàìjíríà.

Ẹni tí ó bá rí wọn lọ́dún náà kò ní gbà pé ìparun ti súnmọ́ tòsí. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ gbòde. Ẹgbẹ́ náà wó. Nígbà tí ó tún gbérí lẹ́yìn ọdún 2010, líìgì kejì ni ó bá ara rẹ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ti wà nílẹ̀ láti 1969. Ìfẹ́ ni Adebajo fi kọ́ ẹgbẹ́ náà, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní “ẹgbẹ́ wa”, ṣùgbọ́n “wa” yẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1957, ọdún kan ṣáájú kí Stores tó bẹ̀rẹ̀, irú ìṣòro yìí kan ìlú Rochester. Red Wings, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wọn, kì í ṣe ti líìgì àgbà. Ẹgbẹ́ ńlá kan láti St. Louis ni ó ni ín, ó sì fẹ́ yọwọ́. Oníṣòwò kan, Morrie Silver, kó ará ìlú jọ. 8,222 ènìyàn ra ìpín nínú rẹ̀. Silver ti kú tipẹ́, Red Wings ṣì wà ní Rochester títí di òní. Tiwa náà ní ọ̀nà mìíràn: ìjọba ni ó ni Shooting Stars ti Ìbàdàn. Wọ́n já sí líìgì kejì ní 2017, wọ́n padà gòkè ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìjọba, ojú gómìnà ni ó máa ń wò, mi ò sì rò pé ìyẹn náà tó.

Níhìn-ín ní Ajídò, bí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ Ègùn àti Yorùbá a jọ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn. Ẹni tí ó bá ra jẹ́sì ni ẹgbẹ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kó lọ sí Èkó, tàbí tí inú bá bí i, jẹ́sì a gbó, ẹgbẹ́ a tú. Mo bi àwọn kan láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí àwọn ogún kò fi dá owó jọ, kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì ra bọ́ọ̀lù tiwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá máa rò pé a fẹ́ gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ni.”