Gásíkẹ́ẹ̀tì Tuntun Kì í Jókòó Lórí Ìdọ̀tí

Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n rí i pé ọ́ìlì ti kán sábẹ́ máṣíìnì, ariwo dé nìyẹn. Ìyá ọlọ́jà tó ra máṣíìnì fún ọlọ́kadà á ní ọmọkùnrin náà kò mọ nǹkan lò. Ọlọ́kadà á ní, "Ẹ má bínú, Màmá, mẹ́káníìkì ló ṣe é tì." Mẹ́káníìkì á ní gásíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni wọ́n rà wá. Wọ́n á tún ra òmíràn, kò ní pẹ́, ọ́ìlì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Owó ọjà ń lọ, owó ọ̀sẹ̀ tí ọlọ́kadà ń mú wá kò wọlé mọ́. Ẹ̀mí ẹni tó ń gùn ún náà wà nínú ewu, nítorí ọ́ìlì tó bá ta sí táyà ẹ̀yìn lè gbé èèyàn ṣubú níbi kọ́nà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò jẹ̀bi. Ojú irin tí wọ́n gbé e lé ni kò mọ́, tàbí kí wọ́n ti fi sukudiráífà ha á ní ìhakúha.

Kí ni iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì gan-an? Àárín irin méjì ló máa ń wà, kí ọ́ìlì àti èéfín má baà rí ọ̀nà yọ. Tí bóòtù bá fún un, á tẹ̀, á sì dí gbogbo ibi kéékèèké tí irin méjèèjì kò ti bára mu. Ṣùgbọ́n kò lè dí kòtò. Ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo tí sukudiráífà bá fà láti inú dé ìta, títì ló là fún ọ́ìlì yẹn.

Fọkanáísà ló máa ń ṣi àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́nà. Wọ́n ń rí i tó ń ha tíúbù kó tó lẹ̀ ẹ́, wọ́n wá rò pé bákan náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Rárá o. Rọ́bà ń fẹ́ kí ojú òun rí ṣákiṣàki kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dì mú. Irin ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí ojú òun dán, kó sì tẹ́jú. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ máṣíìnì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀, irin sukudiráífà sì le jù ú lọ. Ẹni tó bá ti fi ṣíbí irin họ ìsàlẹ̀ ìkòkò rí mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn náà.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kánjú. Á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá tú nígbà tó ṣì gbóná lè wọ́. Á fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò kí iyanrìn má baà já sínú, á sì da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́. Díẹ̀díẹ̀ lá máa dẹ bóòtù, á dẹ tibí, á bọ́ sí òdì kejì. Bó ṣe ń yọ wọ́n lá máa kì wọ́n bọ páálí, ní ìtò tí wọ́n wà, kí kálukú lè padà sí ihò rẹ̀. Wọn kì í gùn dọ́gba, èyí tó gùn jù tí wọ́n bá fipá wọ ihò kúkúrú lè fọ́ irin. Bí ìdérí bá lẹ̀, òòlù rọ́bà tàbí igi lá fi gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, á fi àkísà mímọ́ dí gbogbo ihò. Èérún gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá já sínú lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Á fi kẹrosíìnì rin ògbólógbòó gásíkẹ́ẹ̀tì náà, á fi í sílẹ̀ kó rọ̀. Ọparun tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu tàbí rúlà oníke lá fi ká a kúrò. Bó bá di dandan kó lo bíléèdì, pẹlẹbẹ lá tẹ́ ẹ, kò ní gbé e dúró.

Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ó ti mọ́." Ọ̀gá á dáhùn pé, "Fi èékánná ẹ tọ́ ọ wò." Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, kò tíì mọ́ nìyẹn. Á tún gbé irin títọ́ lé e. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ irin náà, ojú rẹ̀ ti wọ́, àfi kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ irin. Níkẹyìn, á fi àkísà tó kan tínà díẹ̀ nu ọ̀rá kúrò, jìnnà sí iná àti sìgá.

Ohun mìíràn wà tó kan ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní asbestos nínú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe síìlì ilé nígbà kan. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Bìrìtéènì fòfin dè é ní 1999. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n kì í fi í họ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní gbígbẹ, tí kì í sì í fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé gọ́ọ̀mù á bo gbogbo àṣìṣe. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù máa ń fún wọ inú, á já, á lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Ibi tí àwọn tó ṣe máṣíìnì bá ní kí wọ́n fi sí nìkan ló yẹ kó dé, tín-ín-rín sì ni.

Ìyá tó bá tẹ̀lé máṣíìnì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì kò nílò kó mọ orúkọ irin kankan. Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni kó máa wò. Bó bá rí i tó ń fi sukudiráífà họ ojú irin, kó tètè pe ọ̀gá. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan lára owó ẹ́ńjìnnì.