Ìpolówó Tí Ń Pa Aládìrẹ

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgúnmu tí a kò gún bó ṣe yẹ a máa di májèlé fún ẹni tó mu ún. Irú rẹ̀ ni àwọn tó sọ ara wọn di olùdámọ̀ràn òwò orí ayélujára ń gún fún àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Wọ́n ní kí aládìrẹ máa gbé àwòrán jáde lójoojúmọ́, kí ó fi orin àti ijó kún un, kí ó fi ẹ̀rọ mú àwọ̀ aṣọ tàn yanran, kí ó sì fi iye owó pamọ́ kí oníbàárà lè wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ irú ọ̀tá tí aládìrẹ ń bá jà kò ní gbà á ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ta ni ọ̀tá náà? Ẹ dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ti jókòó ti àdìrẹ gidi lórí àtẹ, owó rẹ̀ sì kéré. Lọ́jà, ẹni tó mọ aṣọ lè fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sì yí i wò. Lórí fóònù, ojú nìkan ló kù. Nínú àwòrán kékeré, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí obìnrin kan fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà pẹ̀lú sùúrù, àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ wàrà-wàrà, á jọra bí ìbejì. Bí aládìrẹ bá tún wá fi ẹ̀rọ dán àwọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló nu ìyàtọ̀ tó kù nù.

Ẹ̀rí ni àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́. Kí aládìrẹ ya aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Kí ó ya ojú rẹ̀, kí ó ya ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí aró a máa wọnú aṣọ, nígbà tí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ aṣọ ẹ̀rọ kì í mú àwọ̀ bí ojú rẹ̀. Kí ó sún mọ́ ibi tí ìlà ti yẹ̀ díẹ̀ àti ibi tí ìko ti di aṣọ mú; àmì ọwọ́ ènìyàn nìyẹn. Kí ó kọ gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí ó sọ bóyá ẹlú ni ó lò tàbí aró òyìnbó, àti bí wọn yóò ṣe fọ̀ ọ́. Bí aró yóò bá ṣàn nígbà àkọ́fọ̀, kí oníbàárà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí i nínú omi.

Ti owó ńkọ́? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó fi iye pamọ́ ń jẹ́ kí a rò pé ojú oníbàárà ni ó fi ń díye lé ọjà. Kí ó kọ iye náà, kí ó sì kọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni yóò gbèjà owó.

Àwọn kan yóò ní bí aládìrẹ bá fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn, olè yóò jí i. Ẹni tó fẹ́ jí ọ̀ṣọ́ ara aṣọ kò nílò fídíò. Aṣọ kan ṣoṣo tí ó rà lọ́jà tó o. Ohun tí kò lè rí rà ni ọwọ́ tó ya á, àti orúkọ ẹni tó ni ọwọ́ náà.

Orúkọ yìí gan-an ni aládìrẹ ń sọnù. Alágbàtà á ra aṣọ ní ìdì, á lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn, á sì tà á fún ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ní mọ ẹni tó rẹ ẹ́ láéláé. Ẹ wo Nike Davies-Okundaye: orúkọ rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Lẹ́kkí ń jẹ́. Kò dìgbà tí ènìyàn bá kọ́lé ńlá kó tó kọ orúkọ sí etí aṣọ àti sábẹ́ àwòrán. Aládìrẹ tó bá ń jó lójoojúmọ́ láìsọ ẹni tí òun jẹ́, ẹ̀rọ ló ń bá polówó.