Ìjogún Tí Ó Wà Nínú Ilẹ̀ Wa

Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu ní oko, ẹ ó rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa pè é ní àrùn. Wọ́n ṣìnà, ilé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni. Wọ́n ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì ń bọ́ wọn. Láti ìgbà Hellriegel àti Wilfarth ní Jámánì, ní 1888, ni èyí ti dájú.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ń ka ìwé ìjogún àwọn kòkòrò náà, èyí tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ. Ní 2001, wọ́n ka ti kòkòrò alfalfa tán: nǹkan bí 6,700,000 lẹ́tà, ní apá mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ìròyìn New Zealand ni ó mú mi kọ̀wé. Wọ́n gbin lotus sí oko kan, wọ́n sì fi kòkòrò àjèjì sí irúgbìn rẹ̀, nítorí pé àwọn ti ilẹ̀ náà kò mọ iṣẹ́ kókó. Lẹ́yìn ọdún méje, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá nínú àwọn kókó kan! Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 1995. Àlejò ti fi odindi abala ìjogún rẹ̀, nǹkan bí 500,000 lẹ́tà, lé onílẹ̀ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Australia, lára ewéko Biserrula. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọn tí ó gba ìjogún náà mọ ọ̀nà à ń wọlé ju iṣẹ́ lọ. (Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní ààfin.)

Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń wí pé kí a sáà máa ra kòkòrò òkèèrè fún sóyà wa. Ohun tí a bá dà sí ilẹ̀ kò ṣeé kó padà. N kò ní kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò. Sóyà fúnra rẹ̀, àlejò ni. Ṣùgbọ́n ní IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wọ́n mú irú sóyà kan jáde, TGx, tí ó gbà láti bá kòkòrò ilẹ̀ Áfíríkà gbé. Ẹni tí kò mọ ará ilé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ àlejò tí ó yẹ kí ó pè? Kí àwọn yunifásítì wa kọ́kọ́ ka ìwé ìjogún kòkòrò ẹ̀wà tiwa, ní àgbègbè-àgbègbè, kí wọ́n sì fún wọn ní orúkọ Yorùbá.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa, a ó fa ẹ̀wà oko ilé-ẹ̀kọ́ tu ní sáà yìí, àwọn olùkọ́ ọ̀la yóò sì fi ọ̀bẹ la kókó náà. Èyí tí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.