Gbogbo Ẹ̀yìn Ríro Kọ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ní Ṣàngó níbí, n'Ílọrin, bí àgbàlagbà bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, èsì ti wà nílẹ̀: “Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ mu àgbo, kí ẹ lọ sùn.” A ò gbà! Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ ń di ọ̀lẹ ni. Ní December 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eré ìdárayá mọ́ ìtọ́jú ẹ̀yìn ríro tó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kí a má fi bẹ́líìtì dè é. Kì í ṣe idán o, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ bi àwọn physiotherapist ní UITH. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí ìtọ̀ ń dà fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn kíákíá ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yé dá ìyá yín jókòó. Ẹ bá wọn rìn.