Òkun Kan Àwa Ará Karmo Náà

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ nípa òkun, ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín: “Karmo la wà o! Kí ló kàn wá?” Ó kàn wá. Ọkọ̀ òkun ló ń kó àlìkámà búrẹ́dì wa wá. Lọ́dún 2020, nínú atukọ̀ 135 tí àwọn olè orí òkun jí gbé lágbàáyé, 130 ni wọ́n jí ní apá òkun tiwa, Gulf of Guinea. Ìjọba ṣòfin lọ́dún 2019. Lọ́dún 2021, wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi àti bàálù jáde láti máa ṣọ́ òkun. Ìjínigbé dínkù. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò tíì tó àkókò láti sùn. Ẹni tó lé olè lọ tí kò tilẹ̀kùn, olè á padà wá. Àwọn atukọ̀ náà lọ́mọ nílé. Àwa tí à ń wọ̀nà fún òbí lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ṣebí a mọ bó ṣe ń rí.