Ọ̀nà Oko Wa Kò Gbọdọ̀ Di Igbó

Láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ọ̀mùò ní Èkìtì, ojú ọ̀dà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń dù. Tírélà tó ti Kàbbà bọ̀, bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Àbújá, ọ̀kadà tó gbé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, obìnrin tó ru iṣu bọ̀ láti oko, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń fara gbún ara wọn. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ sí Ìkọ̀lé lójú ọ̀nà yẹn ń fi ẹ̀mí wewu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn ilé wa níhìn-ín, àwọn ọ̀nà kan wà tí àwọn bàbá wa ń gbà kí ọ̀dà tó dé: ọ̀nà yangí, ọ̀nà oko, tó gba inú oko kòkó àti ebè iṣu kọjá, tó sì ń so ìlú mọ́ ìlú. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé àti ti Ọ̀yẹ́, àwọn ọba wa, àti àwa ọmọ ìlú fún ni pé kí a yẹ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kí a fi àmì sí wọn, kí ọkọ̀ má wọ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́.

Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni bàbá tó bí mi. Mo ti mọ òórùn sólúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ tíúbù kí n tó mọ ìwé kà. Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé wá sọ́dọ̀ bàbá mi. Ó dúdú, ó wúwo, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò wáyà, kẹ́ríà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbé àpò kòkó láì tẹ̀. Táyà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ínǹṣì 28 ni wọ́n ń pè é, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì kan ààbọ̀, èyí tó sún mọ́ 40 mìlímítà. Lónìí, àwọn òyìnbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ gígun lórí òkúta wẹ́wẹ́ najú ń ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, 40 mìlímítà yìí kan náà sì ni ìbú táyà tí púpọ̀ nínú wọn ń yàn. Táyà tó bá fẹ̀ díẹ̀, tí wọn kò sì fún ní afẹ́fẹ́ jù, máa ń gbá òkúta mọ́ra, kì í ta gìyàgìyà lórí rẹ̀, kì í sì í rì sínú iyanrìn. Àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ti mọ èyí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di eré ìdárayá. Wọ́n gbé ẹmu lé kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n gbé ìyàwó àti ọmọ lé e, wọ́n sì gun un dé Ọ̀yẹ́ láì fẹsẹ̀ kan ọ̀dà.

Àwọn ará Sípéènì mú irú ọ̀nà báyìí ní òkúnkúndùn. Láti 1993 ni wọ́n ti ń sọ ojú irin tí rélùwéè kò gbà mọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Vía Verde ni wọ́n ń pè wọ́n, gbogbo wọn pọ̀ sì ti lé ní 3,000 kìlómítà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa kà nípa rẹ̀ ni Vía Verde de la Sierra, ní ìhà gúúsù, láti Olvera sí Puerto Serrano, 36 kìlómítà. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n dá òkè lu síbẹ̀ ní ọ̀nà 30 kí rélùwéè lè rí ibi gbà, wọ́n ṣe afárá, wọ́n kọ́ ilé ìdúró ọkọ̀. Iṣẹ́ náà dúró kó tó parí, rélùwéè kankan kò sì gba ibẹ̀ kọjá títí dòní. Iṣẹ́ tí wọ́n ì bá kà sí òfò ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń sùn nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún èrò rélùwéè. Ipa ọ̀nà mìíràn tún wà ní Teruel, Cuenca àti Guadalajara, tí wọ́n ń pè ní Montañas Vacías. Ó sún mọ́ 700 kìlómítà. Ọ̀nà igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ń gba àwọn abúlé tí ọ̀dọ́ ti fi sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá kọjá, àwọn abúlé olókùúta tó ti wà láti ayébáyé, tó jẹ́ pé arúgbó díẹ̀ ló kù síbẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ tó bá dé irú abúlé bẹ́ẹ̀ á ra búrẹ́dì, á mu kọfí, á wá ibi sùn mọ́jú. Owó náà á dúró sọ́wọ́ ará abúlé.

Ọ̀rọ̀ abúlé tó ń tú yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ rìn yí ká àríwá Èkìtì nígbà tí ọdún Kérésì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ọmọ Èkó ti padà. Ẹ ó rí ilé tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà tí onílé ti kú. Ẹni tó bá wá ń sọ pé kò sí ohun tí àlejò fẹ́ wá wò níhìn-ín, kò tíì fara balẹ̀ rìn láàárín wa ni. Ní Ọ̀yẹ́, láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony darí ilé iṣẹ́ ọnà kan níbi tí wọ́n kó agbẹ́gilére àti ahunṣọ jọ sí. Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún tó jẹ́ ọ̀gá agbẹ́gilére ní Ọ̀sì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́, Fákẹ́yẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà káàkiri ayé lónìí. Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ léèrè nípa èyí, àwọn tó ń kàwé nínú ìlú Ọ̀yẹ́ yẹn gan-an. Wọn kò gbọ́ ọ rí. Ó dùn mí.

Láti Ọ̀yẹ́, kẹ̀kẹ́ lè forí lé Ayédé, ìlú tí Èṣùbíyí tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1850 nígbà tí ogun gbòde, tó fi ṣe ibi ààbò fún àwọn tí ogun fọ́ ìlú wọn. Wọ́n ṣì ń bọ Yemọja níbẹ̀, láàárín òkè, ibi tó jìnnà sí òkun. Ìlú Ìṣàn kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò láti ìrandíran. Ẹni tó bá sì yà sí gúúsù Ọ̀yẹ́ á dé Ìrè, ìlú Ògún. Láti inú ọkọ̀ tó ń sáré, pátákó ìlú nìkan lèèyàn ń rí níbi gbogbo wọ̀nyí.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ka èyí: ẹ̀rù igbó ni. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ẹ̀mí ọba méjì légbodò lójú ọ̀nà ní ìhà tiwa níbí, Onímọ̀jọ̀ ti Ìmọ̀jọ̀ àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Alárá ti Ará tó wà pẹ̀lú wọn ló rí ọ̀nà sá àsálà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbé ní Ẹ̀mùrè. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ kan wà ní àdúgbò mi tí wọn kò dé oko ìdí igbó wọn mọ́. Èmi kò ní rán ọmọ ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà Òkè-Àkò tàbí Ìpáò tàbí Ìtapàjì lónìí, níbi tí igbó wa ti bá ti Kwara àti Kogí pààlà. Àfi ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ wa bá sọ pé ó yá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ìdí tí igbó fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí èèyàn ń gba ọ̀nà oko láàárọ̀ lálẹ́, ipasẹ̀ àjèjì kì í pamọ́. Ẹni tó ń dá ẹmu rí i, obìnrin tó ń ṣa ẹyìn rí i, kó tó di ọ̀sán ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ olórí ọdẹ. Ọ̀nà tí a bá pa tì ni oníṣẹ́ ibi ń fẹ́. Nítorí náà, ìhà ìwọ̀ oòrùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, láàárín Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, Ìjẹ̀lú, Ìtapà àti Ọ̀yẹ́, níbi tí oko ṣì fara kan oko. Kí ìjọba máa san owó oṣù fún ọdẹ tí yóò máa rin ọ̀nà náà, owó tó tó jẹun, kó má jẹ́ owó ìdúpẹ́ lásán. Bí a bá ti rìn ín fún ọdún kan láìsí aburú, a ó mọ bí a ṣe máa na ọwọ́ sí ìhà Ìkọ̀lé.

Iṣẹ́ ọ̀nà yìí kò le bí àwọn èèyàn ṣe rò. Yangí tí wọ́n bá tẹ́, tí wọ́n sì kì mọ́lẹ̀ dáadáa, máa ń le koko. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí àárín ọ̀nà bá ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, òjò á ṣàn wọ inú gọ́tà. Bí ó bá jìn, àgbàrá á máa gba àárín rẹ̀, á máa wa á, òjò ọdún kan á sì sọ ọ́ di kòtò. Ọkọ̀ agégẹdú ló ń bà á jẹ́ jù, nítorí ibi tí táyà rẹ̀ bá gbẹ́ sí ni omi yóò gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a ri òpó kọnkéré sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ má lè wọlé. Ọ̀kadà àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu bọ̀ lè gba àárín òpó náà kọjá, n kò ní kí ẹnikẹ́ni lé e. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjọ́ yíyẹ ọ̀nà ní òfin tirẹ̀ nílùú wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó kàn án, wọ́n á ro ó dé ìpààlà, ará ìlú kejì á gbà á níbẹ̀, ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn. Kò sí kọngílá níbẹ̀. Ọ̀nà sì ń mọ́.

Bàbá kan tó jẹ́ aládùúgbò oko mi bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ọ̀dà la ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba, ìwọ wá ń sọ ti kẹ̀kẹ́." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀dà tí ẹ ń tọrọ yìí, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, ta ni yóò máa sáré lórí rẹ̀?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Tírélà náà ni." Èmi kò lòdì sí ọ̀dà. Kí wọ́n tún ọ̀nà Ọ̀mùò ṣe dáadáa, kí wọ́n mú un fẹ̀, ìyà rẹ̀ ti jẹ wá tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló yẹ kí tírélà gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ìrìn ló nílò epo. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo fò láti nǹkan bí 190 náírà sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì tún ń gòkè lẹ́yìn ìgbà náà, owó ọ̀kadà láti ilé dé oko ti ń jẹ èrè iṣu tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọgbà yunifásítì ní Ìkọ̀lé ń san irú owó yìí lójoojúmọ́. Àwọn ni ìbá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá rí ọ̀nà tí tírélà kò ní gbá wọn.

Nítorí náà, n kò dúró de òyìnbó kankan. Bí wọ́n bá wá, kí wọ́n ra iṣu àti ẹmu wa, kí wọ́n sùn sí ilé tí a ṣí fún wọn. Ọmọ Èkìtì ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí, kó fi ojú ara rẹ̀ rí Ayédé.

Bí òjò bá ti dá ní oṣù Kọkànlá, tí ilẹ̀ ti le, tí ọyẹ́ kò sì tíì mú koríko gbẹ débi tí iná yóò fi ràn án, ni àkókò tó dára jù. Èmi àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ti fẹnu kò láti mú àdá àti ọkọ́ jáde, kí a yẹ ọ̀nà láti ẹ̀yìn ìlú wa dé ìpààlà ní ìhà Ìjẹ̀lú, kí a sì la ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òpó kọnkéré àti owó oṣù ọdẹ la ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti ìpààlà yẹn lọ, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀lú àti Ìtapà, tiyín ló kù.