Mùdù Wo Ni Ẹ Fi Wọ̀n Ọ́n?

Gbogbo àwa tí a wà ní Hanwa àti ní gbogbo Zaria la mọ mùdù. Àpò àgbàdo kan náà, bí ẹnì kan bá rọ mùdù tirẹ̀ kún gègèrè, tí ẹnì kejì fọwọ́ nu tirẹ̀ títí tó fi tẹ́jú, iye tí àwọn méjèèjì yóò rí kò lè dọ́gba. Kò sí olè níbẹ̀. Ọwọ́ ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò àwọn aláìníṣẹ́ nílẹ̀ wa nìyẹn. Ní ìparí ọdún 2020, àjọ NBS ní aláìníṣẹ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, wọ́n ní 4.1 péré ni. Àwọn èèyàn pariwo pé irọ́ ni. Àmọ́ òṣùwọ̀n ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ogún wákàtí ṣe lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Nísinsìnyí, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ ti di oníṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé ti wí. Ọmọ wa tó fi wákàtí mẹ́fà gun ọ̀kadà ọlọ́kadà lọ́sẹ̀ kúrò nínú aláìníṣẹ́, ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ kò mọ̀.

Kí àwa náà má dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ìkànìyàn ọdún 2006 kò béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni, nítorí náà àwa fúnra wa la ń ka ara wa. Bó bá di ọjọ́ tí a fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, a ó ka ọmọ tí wọ́n bí síbí, a ó ka ìyàwó, a ó ka ẹni tó ti kó lọ. Bó bá di ọjọ́ owó ẹgbẹ́, a ó ní a ò pọ̀ rárá.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn oníṣirò ya àwòrán rẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo: ọ̀pá kan fún wákàtí kan, òmíràn fún ogún, òmíràn fún ogójì. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ pàápàá yóò rí èyí tó ti ọwọ́ ìyà wá àti èyí tó ti ọwọ́ mùdù wá. Ìwé ẹgbẹ́ tiwa náà yóò rí bẹ́ẹ̀: asanwó lọ́tọ̀, olùgbé lọ́tọ̀, ọmọ tí a bí síbí lọ́tọ̀. Nígbà náà, bí a bá dé iwájú ìjọba, kò ní sí ẹni tó máa pè wá ní òpùrọ́.